Ọnà àwọn Júù ní kíláàsì àwọn ọmọdé

Ohun tí ọwọ́ ń lò ni púpọ̀ nínú ọnà àwọn Júù: fìtílà, ife wáìnì, àpótí tí ìwé mímọ́ ń gbé, aṣọ tí wọ́n fi ń bò ó, ìwé tí wọ́n ń kà nídìí oúnjẹ ní alẹ́ Àjọ Ìrékọjá. Ìwé Ẹ́kísódù, orí 31, sọ bí Ọlọ́run ṣe pe Bésálẹ́lì ọmọ Úrì, láti inú ẹ̀yà Júdà, ní orúkọ, tí ó sì fi ọgbọ́n àti òye kún inú rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà àti idẹ, láti gé òkúta iyebíye, àti láti gbẹ́ igi. Òhólíábù, ará ẹ̀yà Dánì, ni wọ́n fi ṣe igbá-kejì rẹ̀. Orí 35 fi kún un pé Ọlọ́run fi sí ọkàn àwọn méjèèjì láti máa kọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí Boris Schatz dá ilé ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù ní ọdún 1906, orúkọ Bésálẹ́lì ló fún un, orúkọ náà ló sì ń jẹ́ títí di òní.

Òfin kejì nínú Òfin Mẹ́wàá ka ère gbígbẹ́ fún ìsìn léèwọ̀. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà pé àwọn Júù kò ya àwòrán ènìyàn rí. Ohun tí wọ́n hú jáde nínú ilẹ̀ kò bá ìyẹn mu. Ní ọdún 1932, wọ́n wú sínágọ́gù kan ní Dura-Europos, ní etí odò Yúfírétì, ní ilẹ̀ Síríà. Àwòrán ló bo ògiri rẹ̀: Mósè ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń gbé jáde nínú odò, Òkun Pupa tó pínyà, àfonífojì egungun tí Ìsíkíẹ́lì rí. Ó tó 1,700 ọdún sẹ́yìn tí wọ́n ti ya wọ́n. Ní ìparí ọdún 1928, àwọn àgbẹ̀ tó ń la ojú omi ní Beit Alpha, ní àríwá ilẹ̀ Ísírẹ́lì òde òní, kan ilẹ̀ sínágọ́gù kan tó ti wà láti nǹkan bí 1,500 ọdún. Òkúta wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ni wọ́n tò sí ilẹ̀ náà láti sọ ìtàn Ábúráhámù, Ísákì àti àgbò. Ọlọ́run kò fara hàn níbẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló yọ láti ojú ọ̀run. Orúkọ àwọn tó ṣe é sì wà lára iṣẹ́ náà: Marianos àti ọmọ rẹ̀ Hanina, bàbá àti ọmọ nídìí iṣẹ́ kan.

Àwọn mìíràn wá ọ̀nà àrà láti yẹra fún yíya ojú ènìyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1300, ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì, ẹnìkan ya ìwé Àjọ Ìrékọjá kan tí gbogbo àwọn Júù inú rẹ̀ ní ara ènìyàn ṣùgbọ́n orí ẹyẹ. Àwọn orí ẹyẹ yìí ń po ìyẹ̀fun, wọ́n ń yan àkàrà aláìwú, wọ́n ń sá kúrò ní Íjíbítì. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ísírẹ́lì ní Jerúsálẹ́mù. Kò sí ọmọdé tí yóò rí i tí kò ní rẹ́rìn-ín, tí kò sì ní béèrè ìbéèrè. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Èbúté Èrò dé Ìdúmọ̀tà, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ ló ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn kan ń lọ sí ilé kéú. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn mìíràn ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ìtàn kan náà ni wọ́n sì ń gbọ́ ní ibi méjèèjì: Nóà ni Ànábì Núhù, Jósẹ́fù ni Ànábì Yúsúfù, Mósè ni Ànábì Músá, Dáfídì ni Ànábì Dáúdà. Ìwọ̀nba àwọn Júù ló ń gbé Nàìjíríà, sínágọ́gù wà ní Àbújá, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ní Èbúté Èrò ti mọ ìtàn àwọn Júù kí ó tó mọ̀ pé Júù ń bẹ láyé. Iṣẹ́ olùkọ́ rọrùn níbi tí kò ti ní láti sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ló lè dí i lọ́wọ́. Olùkọ́ tó bá ní kí kíláàsì ya Mósè yóò rí òbí Mùsùlùmí tó máa fapá jánú, nítorí yíya ojú àwọn ànábì kò bá ẹ̀sìn wọn mu. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n pa ìtàn náà tì. Ọnà àwọn Júù ní ọ̀nà àbáyọ tó dára ju ìyẹn lọ: ya ohun èlò, má ya ènìyàn. Aṣọ Yúsúfù láìsí ojú Yúsúfù, ọ̀pá Músá, ọkọ̀ Núhù pẹ̀lú àwọn ẹranko, háàpù Dáúdà, àkàsọ̀ Jákọ́bù. Gbogbo ọmọ kíláàsì ló lè ṣe èyí láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ilẹ̀ Yorùbá ti rí irú rẹ̀ rí. Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, ló jà fún un kí ẹ̀kọ́ yíya àwòrán wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920, ó padà dé ní 1922, ó sì ń ti ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn láti kọ́ni, King's College àti CMS Grammar School wà lára wọn. Ní ọdún 1947, Fáádà Kevin Carroll àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìjọ Kátólíìkì kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bandele, ọmọ Aréògún ará Òsì-Ìlọrin, wà níbẹ̀. Lamidi Fakeye ará Ìlá Ọ̀ràngún, tó jẹ́ Mùsùlùmí, sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtàn inú Bíbélì ni wọ́n ń gbẹ́ sára ilẹ̀kùn àti òpó, ṣùgbọ́n ọwọ́ Yorùbá ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ: àwọn ọba tó wá kí Jésù ọmọ ọwọ́ dé adé bíi kábíyèsí. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé kí Fakeye yí ẹ̀sìn padà. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún un, ó sì ṣe é dójú àmì. Ní erékùṣù Èkó gan-an, Bruce Onobrakpeya kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní St. Gregory's College, Ọbáléńdé, fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1963.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí kíláàsì ṣe ni ọ̀pá fìtílà. Ẹ́kísódù, orí 25, ṣàpèjúwe rẹ̀ débi pé ọmọ lè fi etí gbọ́ kí ó sì fi ọwọ́ yà á: òpó kan láàárín, ẹ̀ka mẹ́ta ní apá ọ̀tún, mẹ́ta ní apá òsì, fìtílà méje lórí wọn, gbogbo rẹ̀ láti ara wúrà kan ṣoṣo tí wọ́n fi òòlù lù, pẹ̀lú ìtànná bíi ti álímọ́ńdì lára ẹ̀ka. (Igi fúrúùtù tó ń ṣíji bo àgbàlá ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó, tí àwọn òyìnbó kan ń pè ní álímọ́ńdì, kì í ṣe igi yìí.) Nígbà tí àwọn ará Róòmù wó Tẹ́ḿpìlì ní ọdún 70, wọ́n kó ọ̀pá fìtílà lọ, wọ́n sì gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára ẹnu ọ̀nà Títù ní Róòmù, níbi tó ṣì wà. Àwòrán yẹn ni orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì mú lò fún àmì ìjọba rẹ̀ ní 1949.

Ní kíláàsì, bébà tí a ṣẹ́ sí méjì gùn-ún-gùn ló dára jù. Ọmọ yóò ya ìdajì òpó àti ẹ̀ka mẹ́ta sí ìdí ibi tí a ṣẹ́, yóò gé e, yóò sì tú u: apá kejì ti jáde fúnra rẹ̀.  Ìdérí ìgò méje tó, tí a bá lẹ̀ wọ́n mọ́ orí ẹ̀ka gẹ́gẹ́ bí àwo epo. Kí olùkọ́ ṣọ́ra níbí, nítorí fìtílà ẹlẹ́nu mẹ́sàn-án tún wà, èyí tí wọ́n ń tàn fún alẹ́ mẹ́jọ ní àjọ̀dún Hánúkà. Ẹ̀kẹsàn-án ni wọ́n fi ń tan àwọn yòókù. Hánúkà ń rántí ìyàsímímọ́ Tẹ́ḿpìlì lẹ́yìn tí àwọn Mákábì gbà á padà, nǹkan bí 164 ọdún ṣáájú ìbí Jésù. Ìwé àwọn ọmọdé pàápàá máa ń da fìtílà méjèèjì pọ̀.

Hánúkà náà ló mú òkòtó àwọn Júù wá. Òkòtó ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rin ni, lẹ́tà Hébérù kan wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá dúró lórí lẹ́tà kan, ẹni tó ta á yóò kó gbogbo ohun tó wà láàárín; lórí òmíràn, yóò mú ìdajì; lórí ẹ̀kẹta, kò ní mú nǹkan kan; lórí ẹ̀kẹrin, yóò fi kún un. Páálí tí a ṣẹ́ bí àpótí kékeré, pẹ̀lú ègé pẹ́ńsùlù tí a gún un láàárín, ti tó láti ṣe é. Ẹ̀pà ni kí wọ́n fi ta á, kí ó má baà di tẹ́tẹ́. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí bàbá rẹ̀ ta òkòtó ní kékeré kò nílò àlàyé púpọ̀. Ohun tí yóò kọ́ lọ́tọ̀ ni pé bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá dọ́gba, òkòtó kò ní yí dáadáa. Ìṣirò ti wọ inú ọnà nìyẹn.

Gígé bébà ni iṣẹ́ tí àwọn Júù mọ̀ jù láàárín àwọn iṣẹ́ tí kò ná ni lówó. Ní Pólándì àti ní Mòrókò, àwọn aláìní wúrà fi bébà àti ọ̀bẹ ṣe ọnà tó ṣòro gbàgbọ́: ìgalà, kìnnìún, ẹyẹ àti ọ̀pá fìtílà tí ewé àti òdòdó hun mọ́ra. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń gé ni àwòrán tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ògiri ìlà-oòrùn ilé, kí ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà lè mọ ibi tí yóò kọjú sí. Ọmọ tó mọ Kíbílà yóò lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó dùn wà níbí fún ẹni tó ní máàpù: láti Èkó, kì í ṣe ìlà-oòrùn gan-an ni Jerúsálẹ́mù wà, àárín àríwá àti ìlà-oòrùn ni. Mẹ́kà wà ní apá kan náà, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ìlà-oòrùn díẹ̀ sí i. Kí kíláàsì gbé àwòrán náà kọ́ síbi tó yẹ ẹ ní Èbúté Èrò.

Ìgbàyà Áárónì ni iṣẹ́ tó bá ọjà Èkó mu jù. Ẹ́kísódù, orí 28, ní kí wọ́n fi òkúta iyebíye 12 sí i, ọ̀wọ́ mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹ̀yà Ísírẹ́lì kan lára òkúta kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìdí láti ra ohunkóhun tuntun. Bọ́tìnnì tó já, ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ ti gé, àjákù àǹkárá láti ìsọ̀ àwọn aránṣọ ní Balógun, páálí tí ọjà ti tán nínú rẹ̀: gbogbo èyí wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àjákù aṣọ kan náà ló dára fún ẹ̀wù aláràbarà Yúsúfù. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ yóò mọ orúkọ gbogbo aṣọ tó lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì fẹ́ sọ ọ́. Kí olùkọ́ jẹ́ kí ó sọ ọ́.

Láti orí ẹ̀yà 12 ni kíláàsì yóò gbà dé ọ̀dọ̀ Marc Chagall. Vitebsk ni wọ́n bí i sí ní 1887, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀lárùùsì lónìí, ó sì kú ní 1985. Ó ṣe fèrèsé gíláàsì aláwọ̀ 12 fún sínágọ́gù ilé ìwòsàn Hadassah ní Jerúsálẹ́mù, ọ̀kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣí i ní 1962. Kò sí ojú ènìyàn kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ẹranko, ẹja, ẹyẹ, òdòdó àti lẹ́tà ló kún ibẹ̀, nínú búlúù, pupa, àwọ̀ ewé àti òfeefèé. Ọ̀rọ̀ ìbùkún Jákọ́bù nínú Jẹ́nẹ́sísì, orí 49, ló fún un ní púpọ̀ nínú àmì náà: kìnnìún fún Júdà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fún Ísákárì, ejò fún Dánì, abo àgbọ̀nrín fún Náfútálì, ìkookò fún Bẹ́ńjámínì. Ti Sébúlúnì ni èbúté ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ Èbúté Èrò ló ni fèrèsé yẹn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò àti ẹrù lórí ọ̀sà, afárá tó ń wọ Ìdúmọ̀tà, ẹja àti omi: ohun tó ń rí lójoojúmọ́ ni yóò fi ya ẹ̀yà Sébúlúnì, ọnà rẹ̀ yóò sì tọ̀nà ju ti ọmọ tó wo ìwé yà á lọ. Ọ̀rá aláwọ̀ tí wọ́n fi di bisikíìtì tàbí súìtì ni gíláàsì rẹ̀. Páálí tí a kùn ní dúdú ni irin tó dì í mú. Ojú fèrèsé kíláàsì ni kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí oòrùn ọ̀sán lè ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Lẹ́tà Hébérù jẹ́ 22, láti ọ̀tún sí òsì ni wọ́n sì ń kọ ọ́. Ọmọ ilé kéú tó ti lo wàláà yóò ṣe olùkọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ yìí, èyí tó dára fún ọmọ tí kì í sábà gba ipò kìíní ní kíláàsì. Láti bí 1,000 ọdún sẹ́yìn ni àwọn Júù ti ń fi lẹ́tà tíntìntín ya àwòrán: tí a bá wò ó lókèèrè, kìnnìún ni, tí a bá súnmọ́ ọn, ẹsẹ ìwé mímọ́ ló jẹ́. Kí àwọn ọmọ fi orúkọ tiwọn ya ẹja tàbí ẹyẹ lọ́nà yìí. Ohun tí kò yẹ kí wọ́n kọ ni orúkọ Ọlọ́run lédè Hébérù, nítorí àwọn Júù kì í ju bébà tí orúkọ náà wà lára rẹ̀ sínú ààtàn. Ńṣe ni wọ́n ń kó o pamọ́ títí wọn ó fi sin ín. Irú yàrá ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ kan ní sínágọ́gù Fustat, ní Káírò, kún fún ọ̀kẹ́ àìmọye ègé ìwé kí Solomon Schechter tó kó púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ sí Cambridge ní 1896 sí 1897. Àárín wọn ni wọ́n ti rí ìwé á-bí-dí ọmọdé láti nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn, tí ọ̀pá fìtílà àti ìràwọ̀ oníka mẹ́fà wà lójú ewé rẹ̀. Iṣẹ́ tí a ń jíròrò nínú àpilẹ̀kọ yìí, olùkọ́ kan ti ṣe é ní Íjíbítì nígbà yẹn.

Ìràwọ̀ oníka mẹ́fà yẹn ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ mú. Ó rọrùn, igun mẹ́ta méjì ni, ṣùgbọ́n òun ló ní ìtumọ̀ tó kéré jù fún ọmọdé. Àwọn Mùsùlùmí àti àwọn ọmọ ìjọ náà ti lò ó fún ẹ̀ṣọ́ láti ìgbà pípẹ́, kò sì di àmì àwọn Júù níbi gbogbo títí di àwọn ọ̀rúndún àìpẹ́ yìí. Ó ti wọ inú òṣèlú pẹ̀lú, nítorí ó wà lára àsíá Ísírẹ́lì láti 1948. Ogun àti ìjà tó ń lọ ní apá ibẹ̀ ń dé etí àwọn òbí ní Èkó lójoojúmọ́. Kíláàsì ọnà ọmọdé kò nílò àsíá orílẹ̀-èdè kankan. Ìtàn, ohun èlò àti iṣẹ́ ọwọ́ ti pọ̀ tó.

Àgọ́ ni iṣẹ́ àpapọ̀ tó dára fún ìparí sáà. Ní Àjọ Àgọ́, ìdílé Júù kọ̀ọ̀kan ń kọ́ àgọ́ sí ìta tí wọn yóò máa jẹun nínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ohun tó hù láti inú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń bò ó, wọn kì í sì í bò ó dí, kí wọ́n lè máa rí ìràwọ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ, páálí ńlá, èso tí a fi okùn so rọ̀: kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà lè kọ́ èyí tó gba ọmọ mẹ́rin. Kíláàsì kìíní àti ìkejì kò lè gé nǹkan dáadáa, kí wọ́n máa lẹ̀ kí wọ́n sì máa kùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ọnà jùlọ ni Friedl Dicker-Brandeis. Vienna ni wọ́n bí i sí ní 1898, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọnà Bauhaus ní Jámánì. Ní Oṣù Kejìlá 1942, ìjọba Násì kó o lọ sí Terezín, ìlú tí wọ́n sọ di àhámọ́ fún àwọn Júù ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì. Ó kọ́ àwọn ọmọ ibẹ̀ ní ọnà pẹ̀lú bébà tí wọ́n ti lò sẹ́yìn.  Ó ní kí wọ́n ya ilé, òdòdó, òkè, ohun tí wọ́n rántí. Ó sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń ṣọ́ wọn ti ń fi nọ́ńbà pe ènìyàn. Kí wọ́n tó gbé e lọ sí Auschwitz ní Oṣù Kẹwàá 1944, níbi tí wọ́n ti pa á, àwòrán bí 4,500 ti wà nínú àpótí méjì tí wọ́n fi pamọ́. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò yè é. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù ní Prague ló ń tọ́jú àwòrán wọn. Ìtàn ìpakúpa yẹn kò yẹ fún ọmọ kékeré, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkọ́ni obìnrin yìí yẹ fún olùkọ́ kíláàsì kìíní: má gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ ọmọ, má sì fi iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n yà jù ṣe òṣùwọ̀n fún àwọn yòókù.

Òṣùwọ̀n tó yẹ kí olùkọ́ lò kò ṣòro. Ṣé ọmọ lè sọ ohun tí wọ́n ń fi nǹkan tó ṣe yìí ṣe, ta ni ó ń lò ó, àti ìgbà wo? Bó bá lè sọ ọ́, ẹ̀kọ́ ti wọlé, ìbáà ṣe pé ẹ̀ka fìtílà rẹ̀ wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, tísà iṣẹ́ ọnà àti tísà ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kì í sì í mọ ohun tí ẹnìkejì ń kọ́ àwọn ọmọ. Kí àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó fún àwọn méjèèjì, àti ààfáà tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti pawọ́ pọ̀ kọ́ kíláàsì kan, kí wọ́n sì pe àwọn òbí wá wo iṣẹ́ náà kí sáà tó parí.